Iṣẹ́ áàpù àti data oògùn ní Abuja: kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ fojú sí?

omo_kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ tuntun kan wà lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ gba ìmọ̀ràn yín kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kóòdù. Tíìmù kékeré ni wá, ọ́fíìsì wa wà ní Utako. Àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa fẹ́ ká ṣe áàpù táwọn ilé ìwòsàn kéékèèké á máa fi kọ oògùn tó wọlé àtèyí tó jáde, tá a bá ṣèyẹn tán ká wá ṣe model tó máa sọ ṣáájú pé oògùn báyìí máa tán ní ilé ìwòsàn báyìí lóṣù tó ń bọ̀. FCT ni wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, tó bá yá wọ́n á mú Niger àti Nasarawa kún un.

Data tí wọ́n kó fún wa, fáìlì Excel ni gbogbo ẹ̀, ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló sì kọ tiẹ̀ bó ṣe wù ú. Ọ̀gá wa ní ká gbájú mọ́ model yẹn torí òun làwọn tó gbéṣẹ́ fún wa fẹ́ rí, ó sì fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo mọ Python, mo mọ pandas, mo ti kọ́ machine learning lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ data tí ẹlòmíì ti fọ̀ mọ́ tónítóní ni gbogbo èyí tá a fi kọ́ṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí dé òpin, kí ló máa ń bà á jẹ́ jù, kí ló sì yẹ kí n kọ́kọ́ fojú sí? Mi ò wá èyí tó wà nínú ìwé o, ohun tẹ́ ẹ fojú ara yín rí lẹ́nu iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ bá mi sọ.

iya_data_lugbe

Àbúrò mi, o káre tó o béèrè. Model ló máa gbẹ̀yìn, fi ìyẹn sọ́kàn, kó o sì sọ ọ́ fún ọ̀gá ẹ báyìí kó má bàa dìjà lọ́jọ́ iwájú. Data yẹn ló máa gba gbogbo àkókò yín.

Kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Mi ò ní kó o pè wọ́n lórí fóònù, mo ní kó o lọ. Wọkọ̀ lọ sí Kuje tàbí Kwali, ní kí wọ́n mú ẹ wọ yàrá tí wọ́n ń kó oògùn sí, wàá rí káàdì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn kọ̀ọ̀kan, bin card ni wọ́n ń pè é. Fara balẹ̀ wò ó. Wàá rí déètì, iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù, àti ibi tí ẹni tó kọ ọ́ fọwọ́ sí. Wàá rí ibi tí wọ́n ti fi bíró fa nọ́ńbà kan rẹ́ tí wọ́n kọ òmíì sórí ẹ̀, wàá rí ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan, lẹ́yìn náà ni wàá wá rí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹnì kan ṣoṣo fi bíró kan náà kọ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé ò yí pa dà rárá. Inú káàdì yẹn ni Excel tó wà lọ́wọ́ ẹ ti wá. Ìgbà tó o bá rí i lojú ẹ máa tó là sí èyí tó ṣeé gbà gbọ́ nínú nọ́ńbà yẹn àtèyí tí wọ́n kàn fi dí àyè.

Ọ̀rọ̀ pé kí ni wọ́n ń kà náà tún wà níbẹ̀. Mú oògùn ibà tí wọ́n ń pè ní AL, artemether-lumefantrine. Bí èèyàn bá ṣe tẹ̀wọ̀n tó ni wọ́n fi ń fún un, ti ọmọ kékeré hóró 6, ó lọ sí 12, ó lọ sí 18, ti àgbàlagbà 24. Nọ́ọ̀sì kan á kọ 24 torí hóró lòun kà, èkejì á kọ 1 torí sáṣẹ́ẹ̀tì lòun kà, ẹlòmíì á kọ páálí ńlá tí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí. Kọ́lọ́ọ̀mù kan náà ni gbogbo wọn wà. Python ò ní fún ẹ ní error kankan, model á kàn máa ṣi iṣẹ́ ṣe ni. Lọ́dún 1999 ọkọ̀ tí NASA rán lọ sí Mars, Mars Climate Orbiter, ṣègbé nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Mars torí pé kóòdù àwọn kan ń gbé nọ́ńbà jáde ní ìwọ̀n pound, kóòdù àwọn kejì sì ń ka nọ́ńbà kan náà bí ẹni pé newton, ìwọ̀n agbára míì, ni. Àwọn tó gbówó lé iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Nítorí náà má ṣe pe kọ́lọ́ọ̀mù ní qty (iye) lásán, pè é ní qty_tablets tàbí qty_packs, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ má bàa máa méfò.

Orúkọ ibi náà ńkọ́, o ò mọ ohun tó ń bọ̀ níbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Obi wà ní Nasarawa, òmíì wà ní Benue. Bassa wà ní Kogi, ó wà ní Plateau. Àwa ọmọ ilé náà ní tiwa, Ifẹ́lódùn àti Ìrẹ́pọ̀dùn wà ní Kwara, wọ́n wà ní Ọ̀ṣun. Nasarawa fúnra ẹ̀ jẹ́ ìpínlẹ̀, ó tún jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ nínú ìpínlẹ̀ yẹn, Kano náà sì ní Nassarawa tirẹ̀. Tó o bá fi orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ nìkan so table méjì pọ̀, ìlà á kàn máa bímọ ni, oògùn Plateau á bọ́ sí Kogi. Ẹni tó ń gbé Mararaba á sì sọ fún ẹ pé Abuja lòun ń gbé, bẹ́ẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Karu ní ìpínlẹ̀ Nasarawa ni Mararaba wà. Ilé ìwòsàn ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Health Facility Registry ti ìjọba àpapọ̀, nọ́ńbà yẹn ni kó o fi dá wọn mọ̀. Orúkọ wà fún kíkà lójú nìkan.

Èyí tó ká mi lára jù ni ódo. Tó o bá rí 0 lábẹ́ iye oògùn tí wọ́n lò lóṣù August, kí ni 0 yẹn túmọ̀ sí? Ó lè jẹ́ pé aláìsàn kankan ò wá. Ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́. Ó sì lè jẹ́ pé oògùn ti tán látìbẹ̀rẹ̀ oṣù, àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá pẹ̀lú ibà, wọ́n sì ń dá wọn pa dà sílé lófo. Ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú kọ̀ǹpútà. Tẹ́ ẹ bá fún model ní 0 yẹn bẹ́ẹ̀, á kọ́ pé àwọn ará ibẹ̀ ò nílò oògùn ibà, á ní kí wọ́n gbé díẹ̀ lọ fún wọn, díẹ̀ yẹn á tún tètè tán, nọ́ńbà á tún kéré sí i lóṣù tó tẹ̀ lé e, model á sì tún dín in kù. Ilé ìwòsàn tó nílò oògùn jù ni ẹ máa wá fi ebi oògùn pa, gbogbo graph yín á sì dára lójú. Mo bẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí áàpù yín máa kọ iye ọjọ́ tí oògùn fi tán lóṣù kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pé hóró 300 ni wọ́n lò, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ 10 péré ni oògùn fi wà nílẹ̀ nínú oṣù ọlọ́jọ́ 30, kì í ṣe 300 ni wọ́n nílò, ó sún mọ́ 900. Tẹ́ ẹ bá rántí nǹkan kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ, kó jẹ́ èyí.

backend_zaria

Ìyá wa ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ti software torí ibẹ̀ ni èmi wà.

Ọ̀rẹ́, fáìlì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí ẹ, má ṣe fọwọ́ kan èyí tó jẹ́ ojúlówó láé, fi pa mọ́ sí fódà tó jẹ́ kíkà nìkan. Gbogbo àtúnṣe, kóòdù ni kó o fi ṣe é, kó lè jẹ́ pé tí wọ́n bá fi fáìlì tuntun ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ wàá kàn tẹ script lẹ́ẹ̀kan ni. Ẹni tó ń fi ọwọ́ tún Excel ṣe kò ní lè sọ ohun tó ṣe lóṣù méjì sẹ́yìn, ìwọ náà ò sì ní lè bi í.

Excel fúnra ẹ̀ máa ń yí nǹkan pa dà láìgba àṣẹ. Nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 tàbí 070, á jẹ 0 iwájú ẹ̀, ó di nọ́ńbà mẹ́wàá. 03/04/2024, àwa mọ̀ pé ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni, àmọ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò sí ti Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, èyí tí ọjọ́ ẹ̀ bá wá ju 12 lọ kò ní lè yí i pa dà, á fi sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, nítorí náà inú kọ́lọ́ọ̀mù kan náà ni déètì tó tọ́ àtèyí tí kò tọ́ á ti máa gbé pọ̀. Ka gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù wọlé bí ọ̀rọ̀, kó o fi kóòdù yí i pa dà fúnra ẹ, kó o sì fi déètì pa mọ́ báyìí: 2024-04-03. Ìlà tí fáìlì lè gbà náà ní òpin, xls àtijọ́ 65,536, xlsx 1,048,576. Ní October 2020 ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń fi xls àtijọ́ yẹn kó èsì àyẹ̀wò Covid jọ, fáìlì kún, nǹkan bí 16,000 èèyàn tó ní àrùn náà ò sì wọ inú iye tí wọ́n ń kéde lójoojúmọ́, ó tún pẹ́ kí wọ́n tó wá àwọn tó fara kan wọn. Máa ka iye ìlà tó wọlé àtiye tó jáde ní gbogbo ibi tí data bá gbà kọjá, tí wọn ò bá bára mu kí script dúró kó sì pariwo.

Ti áàpù gan-an, ẹ ṣe é bí ẹni pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, torí ní ọ̀pọ̀ ibi tẹ́ ẹ ń lọ yẹn kò ní sí. Kí fóònù kọ ọ́ sínú ara ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, SQLite, database kékeré tó ń gbé inú fóònù, tó fún ìyẹn, kó wá fi ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀: nọ́ọ̀sì tẹ send, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ láàárín, server, kọ̀ǹpútà tó ń gba data, ti gbà á àmọ́ fóònù ò mọ̀, fóònù á tún un fi ránṣẹ́. Tí ID bá jẹ́ èyí tí server ń fún un, ìlà méjì ti wà nìyẹn, oògùn ti jáde lẹ́ẹ̀mejì lórí ìwé. Kí fóònù fúnra ẹ̀ ṣe UUID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kò ní jọ ti ìlà míì, látìgbà tí wọ́n ti kọ ọ́, kí server kàn sọ pé mo ti ní èyí. Aago fóònù náà, má gbà á gbọ́. Mo rí fóònù tí bátìrì ẹ̀ ti kú, tó dìde pa dà, tó ń sọ pé ọdún 2010 la wà. Kọ aago ti fóònù sílẹ̀, kọ aago tí server gbà á náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà inú kóòdù, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ lè yàn láti má lò, ẹ lò ó láti ọjọ́ kìíní. Páṣíwọ̀ọ̀dù database ò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀. Tó bá ti wọlé, pípa fáìlì yẹn rẹ́ ò tó, inú history ló ṣì wà, ẹ yí páṣíwọ̀ọ̀dù yẹn pa dà lójú ẹsẹ̀.

Ti backup, ìyẹn ẹ̀dà data tẹ́ ẹ fi pa mọ́. Gbogbo èèyàn ló máa sọ pé àwọn ní backup, béèrè lọ́wọ́ wọn ìgbà tí wọ́n dá a pa dà kẹ́yìn láti fi wò ó. Ní ọjọ́ 31 January 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn èèyàn tọ́jú kóòdù, tó ń gbìyànjú láti tún nǹkan ṣe lálẹ́ pa database gidi rẹ́, orí server tí kì í ṣe èyí tó ní lọ́kàn. Ọ̀nà tí wọ́n ní láti fi ṣe backup ju ẹyọ kan lọ, ìgbà tí wọ́n wá nílò wọn ni wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú ẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà kan tí wọ́n ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n, gbogbo ohun táwọn èèyàn kọ sínú database láàárín wákàtí yẹn sì lọ. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe sọ gbogbo ẹ̀ síta fún ayé kà, ọ̀pọ̀ ni ì bá fi pa mọ́. Nítorí náà lóṣooṣù, gbé backup yẹn sórí ẹ̀rọ míì, ṣí i, ka iye ìlà inú ẹ̀. Tí server yín bá sì wà nínú ọ́fíìsì ní Utako níbẹ̀, tí NEPA bá mú iná lójijì ńkọ́? Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.

omo_kubwa

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé mà. Ọ̀rọ̀ ódo yẹn ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rí, mo lọ wo fáìlì wa báyìí, ódo pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, lásìkò òjò gan-an ló sì pọ̀ sí, nígbà tí ibà yẹ kó pọ̀ jù.

Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ńkọ́? Tí mo bá ní data ni mò ń fọ̀ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fi pé, ọ̀gá á ní mi ò ṣe nǹkan kan.

ara_sabongari_kano

Àbúrò, lórí èyí mi ò bá ìyá wa ní Lugbe lọ délẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ mà. Tó o bá ní kí data mọ́ tán kó o tó ṣe nǹkan míì, kò ní mọ́ láyé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní yẹn gan-an, ṣe ohun tó tín-ín-rín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ilé ìwòsàn díẹ̀, oògùn kan ṣoṣo, kà á wọlé, ṣírò, gbé e jáde síbi tí èèyàn ti lè rí i. Ìṣirò ibẹ̀ lè jẹ́ èyí tó rọrùn jù láyé, kò burú. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá ti so pọ̀ lo máa mọ apá ibi tí data ti ń dùn ẹ́, torí kì í ṣe gbogbo ìdọ̀tí ló ṣe pàtàkì.

Ìṣirò tó rọrùn yẹn, àwọn tó ń bójú tó oògùn ti ń ṣe é tipẹ́: iye tí wọ́n lò lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, pín in sí mẹ́ta, fi pín iye tó wà nílẹ̀, wàá mọ oṣù mélòó ló kù kó tó tán. Tún ti ọjọ́ tí oògùn fi tán tí ìyá wa sọ ṣe sínú ẹ̀. Ìyẹn ni baseline ẹ. Model yòówù kó o ṣe lẹ́yìn ìyẹn, tí kò bá borí ìṣirò yìí, jù ú nù, má ṣe jẹ́ kó dùn ẹ́. Tó bá sì borí ẹ̀ díẹ̀ ṣíún, bi ara ẹ bóyá díẹ̀ yẹn tó wàhálà tó máa dá sílẹ̀. Netflix, ilé iṣẹ́ fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, fún tíìmù tó borí nínú ìdíje wọn lórí sísọ fíìmù tí èèyàn máa fẹ́ràn lọ́dún 2009 ní mílíọ̀nù kan dọ́là, àpapọ̀ model rẹpẹtẹ ni wọ́n fi borí, ìgbà tó yá Netflix fúnra wọn sọ pé àwọn ò gbé odindi ẹ̀ wọṣẹ́, torí èrè tó kù níbẹ̀ ò tó iṣẹ́ tó máa gbà.

Tó o bá fẹ́ dán model wò, má ṣe da ìlà pọ̀ kó o wá yan èyí tó bá wá sí ẹ lọ́wọ́. Tó o bá ṣe bẹ́ẹ̀ o ti fi October kọ́ ọ kó o tó bi í nípa September, ó ti rí ọ̀la nìyẹn. Fi oṣù tó ṣáájú kọ́ ọ, fi oṣù tó tẹ̀ lé e dán an wò. Níhìn-ín ní òkè ọya ibà máa ń lọ pẹ̀lú òjò, ó ń gbéra ní nǹkan bíi July títí wọ October. Tó bá jẹ́ data oṣù mẹ́jọ ló wà lọ́wọ́ ẹ, model ò tíì rí òjò méjì rí, kò lè mọ̀ pé ó ń pa dà wá, ìwọ lo gbọ́dọ̀ sọ fún un. Ààwẹ̀ Ramadan náà, nǹkan bí ọjọ́ 11 ló fi máa ń tètè dé ju ti ọdún tó ṣáájú lọ lórí kàlẹ́ńdà òyìnbó, nítorí náà tó o bá fún model ní nọ́ńbà oṣù nìkan kò ní bá Ramadan mu. Lóṣù yẹn ìgbà táwọn èèyàn ń jáde wá sí ilé ìwòsàn máa ń yí pa dà, ẹni tó ń gbé àárín wọn mọ̀.

Má sì jẹ́ kí accuracy tàn ẹ́. Ká ní ilé ìwòsàn 100, tí oògùn sì tán ní 5. Model tó ń sọ lójoojúmọ́ pé oògùn ò ní tán níbì kankan, 95 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Béèrè pé nínú 5 yẹn, mélòó lo rí kó tó tán? Àti pé ìgbà mélòó lo pariwo lásán? Àwọn méjèèjì ò wọ́n bákan náà. Ariwo lásán, ẹnì kan á gun ọ̀kadà lọ wò ó. Èyí tó o ò rí, ọmọ kan ò rí oògùn gbà.

Ó ku ọ̀kan. Tí model ẹ bá dára lójijì ju bó ṣe yẹ lọ, má tíì yọ̀, wá ibi tí ìdáhùn ti jò wọlé. Nínú irú data yín, kọ́lọ́ọ̀mù bí emergency order (oògùn tí wọ́n béèrè fún ní kánjúkánjú) ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Ìgbà tí oògùn bá ti tán ni wọ́n ń kọ ọ́, nítorí náà model tó bá rí i ti mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀. Kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, bi í pé: ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀, ṣé mo ti ní ẹ lọ́wọ́?

iya_data_lugbe

Ará Kano, mo gbà fún ẹ lórí ohun tó tín-ín-rín yẹn, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ohun tí mo kàn ń bẹ̀rù ni pé tí ọ̀gá ẹ̀ bá ti rí ojú ewé tó dára lọ́sẹ̀ kìíní, á gbé e lọ bá àwọn tó gbéṣẹ́, àwọn yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi pín oògùn kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ódo wọ̀nyẹn wò. Omo_kubwa, kọ ọ́ gàdàgbà sórí ẹ̀ pé àpẹẹrẹ ni, kó o sì kọ orúkọ ilé ìwòsàn tí data wọn kò tíì ṣeé gbára lé sábẹ́ ẹ̀, kí gbogbo èèyàn rí i.

Tẹ́ ẹ bá máa fọwọ́ kan orúkọ aláìsàn pẹ́nrẹ́n, òfin wà o, Nigeria Data Protection Act ti 2023. Èmi ní tèmi, mo rò pé ẹ ò nílò orúkọ ẹnikẹ́ni fún iṣẹ́ yìí, ẹ má gbà á rárá. Fọ́tò register tí wọ́n ń jù sínú group WhatsApp yẹn, ẹ dá a dúró.

noosi_kwali

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi kì í ṣe ará software, ẹnì kan ló fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí mi, mo wá rí i pé èmi lẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Èmi ni mò ń kọ káàdì yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ. Láàárọ̀ aláìsàn ti kún ìta, àwa méjì la wà lẹ́nu iṣẹ́, nígbà míì èmi nìkan. Mo máa kọ register tàwọn tó wá, mo máa kọ ti ibà, mo máa kọ ti ọmọdé, mo máa kọ bin card, tóṣù bá parí mo tún máa kó gbogbo ẹ̀ jọ sínú fọ́ọ̀mù kan fún ìjọba. Ẹ̀yin ará áàpù á wá dé, ẹ ó ní kí n tún tẹ gbogbo ẹ̀ sínú fóònù. Ẹ ò yọ ìwé kankan kúrò. Ìdí tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi ń wà pọ̀ lọ́jọ́ kan nìyẹn, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká kọ ọ́ dáadáa, ẹ bá wa yọ ẹyọ kan kúrò. Tí áàpù yín bá lè fúnra ẹ̀ ṣe fọ́ọ̀mù ìparí oṣù yẹn fún mi, ojoojúmọ́ ni màá máa ṣí i, ẹnikẹ́ni ò ní bẹ̀ mí. Ẹ má ṣe ní kí n tẹ orúkọ oògùn, ẹ tò ó síbẹ̀ kí n fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ fi àwòrán páálí ẹ̀ sí i, torí àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́, ẹlòmíì ka Hausa dáadáa àmọ́ Òyìnbó ẹ̀ ò yá. Kí nọ́ńbà tóbi. Fóònù wa kéré, ojú ẹ̀ sì ti fọ́.

Ìkìlọ̀ yín pé oògùn fẹ́ẹ́ tán, ta lẹ máa fi ránṣẹ́ sí? Tó bá jẹ́ èmi nìkan, mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, mò ń wo ibi tí páálí ti ṣófo lójú mi níbí. Ẹni tó ní oògùn lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì area council ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí n rí i pé ó ti kà á. Ìgbà tí ìkìlọ̀ bá mú oògùn dé lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo wa níbí á gbà á gbọ́.

omo_kubwa

Ẹ ṣeun púpọ̀ mà, ọ̀rọ̀ yín yìí ni màá kọ́kọ́ kà fún ọ̀gá mi láàárọ̀ ọ̀la. Ẹni tí ìkìlọ̀ yẹn máa lọ bá ò sí nínú ìwé iṣẹ́ tí wọ́n kọ fún wa rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wá bẹ̀ yín wò kí n rí káàdì yẹn? Ọjọ́ wo ló rọ̀ yín lọ́rùn?

noosi_kwali

Máa bọ̀. Má wá lọ́jọ́ tí à ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́, o ò ní rí ibi dúró sí. Wá lọ́sàn-án, tó bá di aago méjì èrò máa ń dín kù. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ area council kó o tó wá, torí in-charge wa máa béèrè ẹ̀, kó o sì mú ẹni tó máa ya ojú áàpù yẹn dání kó jókòó ti mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.